Wọ́n Ní Kí N Tún Ìsọ̀ Ìdirun Mi Tì

Olóòtú wa, mo kí yín láti Ilora. Ẹ má dárúkọ mi. Onídìrí ni mí. Nígbà tí ìgbóná wọ̀lú, wolé-wolé ti gbogbo ìsọ̀ pa. Àrùn náà mú ọkọ mi. Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀ tó fi yè.

Ọ̀sẹ̀ yìí, wolé-wolé ní kí àwa tá a ti gba búpá tó ń dènà ìgbóná ṣísọ̀. Mò ń dirun fún ọmọ Àsíátù, aládùúgbò mi, ni Àsíátù fúnra rẹ̀ bá já wọlé, ó fa ọmọ náà dìde láìparí irun.

“Apànìyàn! Ọwọ́ tó o fi wẹ olókùnrùn lo fi ń kan orí ọmọ mi?”

Mo ní, “Ìwọ tó ò bu omi wá fún wa rí nígbà àìsàn ọkọ mi!”

Gbogbo àdúgbò ní kí n tìsọ̀. N ò tì í! Ẹ̀yin olùgbọ́, tó bá jẹ́ ọkọ yín ni, ṣé ẹ ò ní fọwọ́ kàn án?