Okùn Ilé-Kéú

Bàbá mi,

"Ìdíátù, kodíìnì kọ́ ló bà ọ́ jẹ́. Ọ̀lẹ ni ọ́, bí a ṣe bí ọ nìyẹn." Ohun tí ẹ sọ fún mi lórí fóònù nìyẹn, n kò fi kún un.

Ara mi le ní ilé ìwòsàn tí mo wà ní Ìgàndò. Mo tilẹ̀ ti ń jẹun.

Lánàá, Dókítà Dáramọ́lá béèrè bóyá n kì í lè jókòó lójú kan ní kékeré, kí n tó mọ oògùn ikọ́ kodíìnì yẹn rárá. Ẹnu yà mí: àfi bí ẹni pé ó bá wa gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sọ bí ẹ ṣe ní kí Alfa fi okùn so ẹsẹ̀ mi mọ́ bẹ́ńṣì ní ilé-kéú kí n lè jókòó jẹ́ẹ́.

"Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n pè yín ni?" ni dókítà bi mí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó jọ pé ọpọlọ yín ni kì í dúró lójú kan, ẹ wá ń fi kodíìnì mú un dúró. Ó ní ìtọ́jú."

Bí a ṣe bí mi nìyẹn lóòótọ́, Bàbá. Ọ̀lẹ kọ́.

Wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú náà láìjẹ́ pé ẹni tó tọ́ mi jẹ́rìí sí bí mo ṣe rí ní kékeré. Ẹ bá mi kí Àmínát àbúrò mi. Èsì yín gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Ìdíátù