Ìrépé Tó Kù Lára Ìwé Ọmọ Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyá rẹ,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé ẹni tó ń gbé lókè yàrá rẹ ti dẹ́kun fífa àga nílẹ̀, àbí kí n wá bá a sọ̀rọ̀ fúnra mi? Àwa níbí ń mí, a sì ń jẹun, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọlọ́run tó jí wa lónìí yóò jí ọ sáyọ̀. O ò ní ṣe làálàá tán kí ẹlòmíràn wá gba èrè rẹ̀. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò gún régé bí aṣọ tí wọ́n wọ̀n dáadáa kí wọ́n tó gé e. Ìyá rẹ ní kí n tètè kọ àmín tòun sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ àròyé, torí ó mọ̀ mí.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń san. Ó ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi padà, ìyẹn ni pé ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ. Atẹ́gùn ṣí páànù kan lórí òrùlé wa, mo ti fi òkúta lé e mọ́lẹ̀. Káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Kò-dá-mi-lójú, ṣì wà bó ṣe wà. Bí o bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́, á kọ́kọ́ jáde lọ wò ó ná.

Ìwé tí o fi rán dẹ́rẹ́bà dé ọwọ́ mi. Ó rún díẹ̀ lójú ọ̀nà, àmọ́ mo ti fi áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ lọ̀ ọ́, ó ti tẹ́ bí ó ṣe yẹ kí ìwé ọmọ mi tẹ́. Tíṣà àgbà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, ló bá wa kà á tó sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ ìwádìí rẹ dá lórí bí omi ìdọ̀tí ṣe ń gba inú yanrìn kọjá tó sì ń jáde ní mímọ́. Ó ní àpérò àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni o fẹ́ gbé e lọ, pé wọn yóò sì tẹ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá kà níbẹ̀ sínú ìwé ńlá kan. Kò-dá-mi-lójú ní kí wọ́n tó bí òun ni omi ti ń gba inú yanrìn kọjá, òun ò sì rí ẹni tó tìtorí ẹ̀ kọ ìwé. Mo ní igi náà ti wà nínú igbó kí wọ́n tó bí i, kí ló wá lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà sí? Ó padà sídìí ayùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlànà tí àwọn tó pe àpérò náà kọ sí ọ, èyí tí o so mọ́ ọn, òun gan-an ló mú orí mi wú. Tíṣà kà á fún mi: bí àlàfo etí ìwé ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, bí lẹ́tà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ibi tí orí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sí, kò sí ohun tí wọn ò fi téèpù wọ̀n. Wọ́n ní kí o pín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Wọ́n tiẹ̀ fi pátánì ránṣẹ́ sí ọ, wọ́n ní orí rẹ̀ ni kí o gé tìrẹ lé. Ọmọ mi, télọ̀ làwọn èèyàn yìí! Ọjọ́ tí o kúrò nílé, mo rò pé o ti kọ iṣẹ́ mi sílẹ̀ ni, mi ò kàn sọ ọ́ jáde. Àṣé iṣẹ́ mi náà lo lọ ń ṣe ní ìgboro. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fara mọ́ ni pé wọ́n ní kí o má ṣe kọ nọ́ńbà sí ojú ìwé. Mo ti bá ọ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí èyí tó wà lọ́wọ́ wa, torí láwùjọ èrò, ọwọ́ gbogbo èèyàn kọ́ ló mọ́, ẹnì kan lè yọ ojú ìwé kan lọ.

Mo tún rí àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí o há sáàárín ọ̀rọ̀. Tíṣà ní àwọn tó ti sọ nǹkan ṣáájú rẹ ni o ń tọ́ka sí, pé orúkọ gbogbo wọn wà lẹ́yìn ìwé. Mo kan sáárá sí ara mi, mo kan sáárá sí ìyá rẹ. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í wọ àwùjọ láì kí àgbà. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí o kí léraléra, lójú ìwé bíi mélòó kan, ṣé ó dáhùn? Bí kò bá tíì dáhùn, má kí i mọ́, ó tó. Àwọn tí àánú wọn ṣe mí jù ni àwọn tí Tíṣà ń kà lẹ́yìn orúkọ ẹni kìíní. Á dárúkọ ẹnì kan, á wá ní “àti àwọn yòókù.” Á tún dárúkọ òmíràn, “àti àwọn yòókù.” Àwọn Yòókù yìí ṣiṣẹ́ o! Kò sí iṣẹ́ tí wọn ò bá wọn dá sí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò dárúkọ wọn. Mo gbàdúrà fún wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni Tíṣà dé ibi ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́. Ó ní o kọ ọ́ síbẹ̀ pé o dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ, télọ̀, tó jẹ́ kí o máa da omi sórí yanrìn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo ní kó gbé ohùn sókè, torí ayùn Kò-dá-mi-lójú ń pariwo. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe, ni mo bá mú téèpù, mo wọ̀n ọ́n. Kò fẹ̀ tó àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ọmọ mi, ó gbà mí.

Mo rántí òkìtì yanrìn tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. O ń dá ihò sí ìdí agolo mílíìkì, o ń bu yanrìn sí i, o ń da omi ẹrẹ̀ lé e, ọjọ́ kan ni omi náà ṣàn wọlé tó rin ṣòkòtò funfun ọkọ ìyàwó tó kù dẹ̀dẹ̀ kó wá gbà á. Ìyá rẹ ti ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Èmi ni mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀, kí a kọ́kọ́ wo ibi tí omi náà máa gbà. Ibi tó gbà náà nìyí.

Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo máa wà nínú ìwé. Mo sọ fún ẹni tó wá rán etí aṣọ, mo sọ fún ẹni tó kàn yà béèrè ọ̀nà. Kò-dá-mi-lójú ní ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán tí òun fojú ara òun rí i, ọjọ́ yẹn la máa sọ̀rọ̀. Mo ní kó jókòó dè mí.

Ìgbà tó di ìjẹta ni ohùn rẹ dé sínú fóònù Tíṣà, torí fóònù tèmi kì í lè gba ohùn dúró. Mo kí ọ, o ò dá mi lóhùn. Mo béèrè bóyá o ti jẹun, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ ni. Inú ti ń bí mi kí Tíṣà tó ṣàlàyé pé ohùn tí o ti sọ sílẹ̀ láàárọ̀ ni. Mo ti dárí jì ọ́. Bí a ṣe wá fetí sílẹ̀ nìyẹn. O ní àwọn tó yẹ iṣẹ́ rẹ wò ní ó dára púpọ̀, mo ní kí wọ́n dá a padà síbẹ̀ kí n tún gbọ́ ọ. O ní ojú ìwé mẹ́fà ni wọ́n ní kó jẹ́, pé o ti gé e, o ti gé e, ìwọ̀nba ìlà díẹ̀ ló ṣì yọ síta. O ní nínú kí o yọ àwòrán yanrìn àti kí o yọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ láìsí àwòrán náà kò sẹ́ni tí iṣẹ́ ọ̀hún máa yé. O wá ní o ò ní yọ bàbá rẹ, pé kàkà bẹ́ẹ̀ o máa fa ìwé náà yọ nínú àpérò pátápátá, àti pé ọjọ́ Ẹtì ni ilẹ̀kùn máa tì. Ìyá rẹ fi etí ìró nu ojú. Kò-dá-mi-lójú gan-an gbé òòlù kalẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi kọ́kọ́ dùn. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti ronú. Mo ní ọmọ nìyẹn! Mo ní kí ni wọ́n ń fi ojú ìwé mẹ́fà dẹ́rù bà wá sí? Mo ní kí o tú ìṣẹ́tí rẹ̀ díẹ̀, kó lè gùn sí i, Tíṣà ní wọ́n ti wọn etí rẹ̀. Mo ní kí o wá dín lẹ́tà kù, ó ní wọ́n ti wọn lẹ́tà. Mo ní kí o wá ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì, kí o kí i dáadáa, kí o mú nǹkan dání. Tíṣà ní kò sí èèyàn níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ń tì í. Ẹ̀rọ ń ti ilẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó dúró tì í! Mo fi ìyẹn sílẹ̀.

Ni mo bá ṣe é bí a ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́. Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn jáde, mo wá fi máṣíìnì rán an mọ́ etí ojú ìwé kẹfà, òwú funfun, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, bí ìbòrí àpò. Tí o bá ṣí i, wàá rí mi, tí o bá pa á dé, mi ò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo lọ̀ ọ́. Ó rẹwà, ọmọ mi. Mo ní kí Tíṣà wá àpòòwé, kí a fi ránṣẹ́ sí àwọn tó pe àpérò, kí wọ́n rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí aṣọ ò bá tó. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ kalẹ̀.

Ìyá rẹ ò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé tí mo gé ìrépé yẹn lára rẹ̀, ó yí i padà, ó ní kí n wò ó. Tojú tẹ̀yìn ni o tẹ ìwé náà. Èmi tí mo máa ń pariwo pé kí a yẹ inú aṣọ wò kí a tó gé e, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Àwòrán yanrìn rẹ ló wà lẹ́yìn ibẹ̀. Omi ẹrẹ̀ wọlé láti òkè, ó gba inú yanrìn bọ̀, nígbà tó wá dé ibi tó yẹ kó ti jáde ní mímọ́, ihò ló wà níbẹ̀. Orúnkún ara mi ni mò ń wò láti inú ihò náà.

Mo jókòó. Ó dùn mí, mo sì jẹ́ kó dùn mí. Lẹ́yìn náà ni mo tú òwú ìrépé yẹn kúrò lára ojú ìwé kẹfà, mo sì mú bírò.

Yọ mí kúrò, ọmọ mi. Fi àwòrán yanrìn sílẹ̀. Bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀, má bá mi jiyàn. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù torí ohùn rẹ kì í dúró gbọ́ tèèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́. Dẹ́rẹ́bà ń gbéra lówùúrọ̀ ọ̀la, yóò bá ọ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ṣé o rí ọkọ ìyàwó yẹn, a rí ṣòkòtò míì rán fún un. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ mi. Ẹ̀yìn èrò ni mo dúró sí tí mò ń wo èjìká kóòtù rẹ̀. Èjìká náà jókòó, kò wú, kò fà. Wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Lọ jókòó bẹ́ẹ̀ láàárín wọn, kí omi rẹ jáde ní mímọ́ lójú gbogbo wọn. Èmi ti mọ ẹgbẹ́ tí mo wà báyìí, èmi àti Àwọn Yòókù, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni.

Mo lọ sọ fún Kò-dá-mi-lójú fúnra mi, kó má baà gbọ́ ọ níta. Mo rò pé ó máa fi mí ṣe ẹ̀sín. Ó ní ta ló ní kí wọ́n yọ mí, mo ní èmi ni. Ó gba ìrépé ìwé yẹn lọ́wọ́ mi, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sọ pé kò dá òun lójú. Ó kàn lọ ń ṣa igi tó dán. Férémù ló fẹ́ kàn sí i.

Ọ̀rọ̀ owó wá dé, má bínú. Tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi owó gíláàsì ránṣẹ́ sí mi, gíláàsì méjì, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Ìyá rẹ ní ojú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni ká gbé síta, mo ní ojú yanrìn ni. Tó bá jẹ́ gíláàsì méjì, a ó so ó kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, atẹ́gùn á máa bá wa yí i. Ra òróró ìfipasẹ̀ fún ìyá rẹ pẹ̀lú, kì í béèrè, èmi ni mò ń bá a béèrè.

Ó ku ohun kan. O mọ̀ pé mo máa ń dá gbogbo ìrépé aṣọ padà fún ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ télọ̀ mìíràn ń wọ aṣọ aláràbarà tí wọ́n fi ìrépé oníbàárà rán, ìwọ ń sunkún pé tìrẹ ò ní àwọ̀ méjì. Mi ò mú tẹnikẹ́ni rí. Ìwọ lo ni ìrépé ìwé yìí, ó yẹ kí n dá a padà fún ọ. Jọ̀wọ́, jẹ́ kí n mú un.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ilẹ̀kùn ọjọ́ Ẹtì bá ọ nínú ilé. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní gbọ̀n lórí pèpéle, ọ̀rọ̀ ò ní sá mọ́ ọ lẹ́nu. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka iṣẹ́ àwọn ọlọ́gbọ́n, wọn ò ní ka tiwọn tán kí wọ́n má kan tìrẹ. Àmín, ìyá rẹ náà ṣe àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀,
ọ̀kan nínú Àwọn Yòókù.