Òkúta Màmá Kì Í Ṣe Ìgò

Ilé alájà tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n bí màmá wa sí lọ́dún 1949. Télọ̀ ni bàbá wọn, ìyá wọn sì ń ta bọ́tìnnì. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì fẹ́ bàbá wa, awakọ̀ tó ti ṣáájú wọn lọ, lọ́dún 1970.

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta pẹ́rídọ́ọ̀tì, òkúta aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń ṣe òrùka, ni gbogbo èèyàn bá ń pè wọ́n ní Màmá Olókùúta. Ẹ ò lè sáré rajà lọ́wọ́ wọn o! Wọ́n á mú yín lọ sójú fèrèsé, wọ́n á fún yín ní awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá. "Ọmọ mi, wò ó látòkè dé ìdí. Ṣé ìlà ìdí rẹ̀ ń rí bíi méjì? Ti ìgò kì í rí bẹ́ẹ̀. Tó ò bá tíì rí i, má rà á. Má sì jẹ́ kí iná kàn án o, ó máa là!"

Lọ́dún 2009, ìyàwó tuntun kan gbé òrùka tó rà lọ́wọ́ màmá lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà pé kó bá òun dín in kù. Ọ̀gbẹ́ni yìí ò yọ òkúta náà o, ó kàn taná sí i! Ó là. Kó ní "Ẹ má bínú, èmi ni mo bà á jẹ́," rárá o. Ó ní, "Ìgò ni ìyá yẹn tà fún yín."

Ìgò kẹ̀! Kílẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí màmá ti ń gbálẹ̀ láràárọ̀ Sátidé, àwọn kan ń pè wọ́n ní Màmá Onígò! Ìsọ̀ dá páropáro. Màmá fún ìyàwó ní òkúta míì, wọ́n gba èyí tó là, wọ́n sì ń fi í sọ́rùn.

"Màmá, kí lẹ ń fi nǹkan tó ti là ṣe?" la bi wọ́n.

"Òun ló mọ̀ pé mi ò purọ́."

Bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ títí wọ́n fi dákẹ́ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó wá bẹ̀ wọ́n. Kò sẹ́nì kankan!

Àwọn ọmọ mẹ́rin ló gbẹ̀yìn wọn: nọ́ọ̀sì, tíṣà, awakọ̀, àti àbíkẹ́yìn tó ń jókòó sí ìsọ̀ wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ pọ̀, ariwo wọn náà lẹ ń gbọ́ yẹn.

Òkúta náà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, awò wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè wọ́n ní Onígò, ẹ wo ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Alágbẹ̀dẹ, a rí yín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ wò ó.

Màmá Olókùúta, ẹ ti bọ́ ọ lọ́rùn, ó ti di tiwa. Ẹ sùn re.