Eyín Tí Dókítà Ìdíátù Ọláfimíhàn Kò Gbé Kúrò Lọ́kàn (1968–2024)

A bí Dókítà Ìdíátù Àbẹ̀kẹ́ Ọláfimíhàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́jọ́ Iléyá ọdún 1968. Alhaji Nùrẹ́nì, télọ̀, ni baba wọn. Wọ́n gboyè ìṣègùn eyín ní yunifásítì lọ́dún 1993, wọ́n di aya Alhaji Múdàṣírù Ọláfimíhàn ní 1995, wọ́n sì ṣí ilé ìtọ́jú eyín sí Ìkọ̀tún ní 2003. Wọn kì í fi ìrun ṣeré. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó jẹun.

Ní 2011, ìyá kan mú Hamdalah, ọmọ ọdún méjìlá, wá láti Ìgàndó. Eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká wọ inú ara eyín náà fúnra rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń hù. Ọyún sì wà ní ìdí rẹ̀. Dókítà fẹ́ tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀ kí eyín náà má bàa bọ́. Ojú lásán ni wọ́n fi wá ọ̀nà tóóró tó gba inú gbòǹgbò náà. Irin tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ yà, ó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ eyín náà já, wọ́n sì ní láti yọ ọ́.

“Kòkòrò eyín yìí mà le o,” ni ìyá ọmọ náà wí. “Ẹ ṣé, Dókítà.”

Dókítà ì bá gba ọpẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní, “Kì í ṣe kòkòrò, ìyá. Èmi ni mo gbẹ́ eyín náà já.”

“Háà! Àbí ọmọ mi lẹ fi ń kọ́ṣẹ́ ni?” Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde.

Ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́. Ní 2019, wọ́n lọ kọ́ ọ̀nà tuntun: a ó ya àwòrán egungun ẹnu, kọ̀ǹpútà yóò fi ọ̀nà inú eyín hàn, a ó sì ṣe ike oníhò kan tí a ń fi dé eyín, kí irin má lè yà.

Ní 2023, Hamdalah mú àbúrò rẹ̀, Aasiyah, wá. Irú eyín kan náà ni. “Màmá ní kí n má mú un wá,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò parọ́ fún wa, jàre.”

Dókítà da ike àkọ́kọ́ nù, nítorí kò jókòó dáadáa. Èkejì jókòó, irin wọlé tààrà. Ṣùgbọ́n egungun tí ọyún ti jẹ nídìí eyín náà kò lè kún ṣáájú ọdún kan. Wọ́n ń pe Hamdalah lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: “Ṣé kò wú?”

“Dókítà, ìrèké ló ń jẹ ṣá!”

“Ta ló ní kó jẹ ìrèké?”

Wọ́n fi àwòrán ìkẹyìn, tí yóò fi hàn bóyá egungun ti kún, sí ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá ọdún 2024. Dókítà jáde láyé lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù náà.

Alhaji Múdàṣírù ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Abdulganiyy, Báyọ̀dé àti Zikrullah, àti ọmọ-ọmọ méjì.

Lọ́jọ́ kejìlá, Aasiyah wá ya àwòrán náà. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá.

Dókítà, ìyá wa, egungun ti kún. Ẹ jókòó wàyí. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí ibi ìtura.