Ẹ̀bẹ̀ Lórí Rejoice, Ìyàwó Ilé Wa, Tí Wọ́n Lé Jáde Nítorí Pé Ó Pè Mí Lórúkọ

Ẹgbẹ́ Rọ́gíbì Líìgì Àwọn Obìnrin,
Etí Odò, Mahintedo,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìdíje Rọ́gíbì Líìgì Etí Òkun,
Igbókòdá.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ JẸ́ KÍ REJOICE KÓPA NÍNÚ ÀṢEKÁGBÁ

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun. Èmi ni Bàdírátù Sùlèímánì, balógun ẹgbẹ́ Mahintedo. Èmi náà ni ẹni tí ìwé yín ní Rejoice rí fín. Kí ìwé yín tó dé, n kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni rí mi fín.

Nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá, a ti fi méjìlá sí mẹ́fà ṣíwájú ẹgbẹ́ Ìjì Òkun nígbà tí wọ́n ta bọ́ọ̀lù sókè, tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Rejoice figbe ta pé, “Bàdírátù, ẹ̀yìn!” Mo sáré, mo gbé e. Ibi tí inú mi ti ń dùn ni mo ti gbọ́ fèrè. Lákòókò ìsinmi ni rẹfirí wa, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, ti rí Rejoice tó kúnlẹ̀ gbé omi fún mi, wọ́n sì sọ fún un pé ìyàwó àbúrò mi, Ìsìmáílà, ni. Ó ní ìyàwó tó bá pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ ní gbangba kò yẹ lórí pápá. Ó lé e jáde, ẹ̀yin náà sì ní kò gbọdọ̀ kópa nínú àṣekágbá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ àwa ará ẹ̀yìn. Àwa méje ni nínú mẹ́tàlá. Àwọn ará iwájú ń forí kan forí, àwa ń sáré. Háàfù-báàkì méjì ló ń pinnu ibi tí bọ́ọ̀lù yóò gbà, àwọn sẹ́ńtà ló ń la ọ̀nà, wíńgà bíi tèmi ló sì sábà máa ń fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ létí pápá láti gba àmì mẹ́rin. Ṣùgbọ́n iwájú ni gbogbo wa kọjú sí. Fúlúbáàkì nìkan, tó dá dúró lẹ́yìn pátápátá, ló rí gbogbo wa, òun ló ń pe kálukú síbi tó yẹ. Ipò Rejoice nìyẹn. Bí kò bá pè, afọ́jú ni wá.

Bí a ṣe ń wa ọkọ̀ ojú omi nílé wa náà nìyí. Ẹni tó bá wà nídìí ọkọ̀ ló ń darí, ì báà jẹ́ àbíkẹ́yìn. Bí ìgbì bá dìde, “Sùlè!” ni mo máa ń pe bàbá tó bí mi, kò sì bínú rí, àjẹ̀ rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ mọ́ omi. Bí a bá gúnlẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Ìlú òkè tí wọn kì í ti í wa ọkọ̀ ojú omi ni Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè ti wá, n kò dá a lẹ́bi, ọmọlúàbí ni. Ó tiẹ̀ wá bá mi kẹ́dùn lẹ́yìn eré.

Lẹ́yìn tí Rejoice jáde, wọ́n tún ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn mi. Kò sẹ́ni tó pè mí. Igun tèmi ni wọ́n ti fi kanlẹ̀, ó di méjìlá sí mẹ́wàá, orí ló kó wa yọ. Nínú eré yìí kan náà, wọ́n fọwọ́ fa Jọọlá, sẹ́ńtà wa, lọ́rùn, fèrè kò dún. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ojú ń ti ọmọ yìí láti jáde. Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní èbúté. Nígbà tó wá ṣe ìgbáradì lánàá, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ fún mi pé, “Ìyá Muzammil, ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ bojú wẹ̀yìn.” Kó tó parí rẹ̀, èmi àti Jọọlá ti forí gbárí. Orí mi ṣì wú báyìí.

Ọjọ́ Sátidé ni a ó pàdé Ode Ugbo. Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì í. Èmi ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fún un láṣẹ láti máa pè mí ní Bàdírátù láti fèrè àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Ọkọ rẹ̀ ti gbà, ìyá wa náà ti gbà. Bí ẹ kò bá sì gbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ tí ẹ fẹ́ kó máa pè mí ránṣẹ́ sí wa kó tó di Sátidé. Kó ṣáà ti kúrú.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀,

Bàdírátù Sùlèímánì
Balógun ẹgbẹ́ àti wíńgà apá ọ̀tún