Ìkẹ́dùn Ikú Mùínàt, Ẹni Tí Mọ́tò Rẹ̀ Kò Kún

Ẹgbẹ́ Òṣèré Ìmísí,
Ọ̀mù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara.

Sí Alhaji Abdulkadir, olórí ẹbí, àti Alhaja Jàrátù, ìyá olóògbé,
Èsìẹ́.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti pẹ̀lú ìbínú tí a kò lè fi pamọ́, ni àwa Ẹgbẹ́ Òṣèré Ìmísí fi ń bá yín kẹ́dùn ikú Mùínàt Abdulrasaq, ọmọ yín, òṣèré wa, tí ó papò dà ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. A mọ̀ pé kò yẹ kí ẹni tí ó wá kẹ́dùn máa fi ìbínú sọ̀rọ̀, ẹ forí jì wá. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ránṣẹ́, a ti parọ́ mọ́ ọmọ yín, irọ́ tí àwọn ènìyàn sì ti pa mọ́ ọn ti pọ̀ jù.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Mùínàt, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a lọ ya sinimá wa, Ẹ̀yìn Ògiri, ní oko iṣu kan lẹ́bàá Òkè-Onígbìn, baba olóko kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò ní jẹ́ kí a tẹ ebè òun mọ́lẹ̀. Olóòtú wa bẹ̀ ẹ́ títí, ó kù díẹ̀ kí ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mùínàt kò bẹ̀bẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ká aṣọ eré sókè, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ baba náà, ó sì ń kọ ebè lọ títí baba fi bú sẹ́rìn-ín, tí ó ní kí a wá ya ohun tí a bá fẹ́ yà. Òun kan náà ni kò fi róbù sábẹ́ ojú rí kí ó tó sunkún. Àwa yòókù á fi róbù, ojú á máa ta wá, imú á máa ṣàn, ẹ̀rín á sì máa pa àwọn tí ń wò wá. Òun á jókòó jẹ́ẹ́, á ro ohun tí ó ń rò, omijé á sì dé. Ó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa bí a ti ń ṣe é, kò sì ṣe ahun.

Ẹ̀yìn Ògiri ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kórìíra rẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì wò ó, ohun tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí. Obìnrin méjì nífẹ̀ẹ́ ara wọn ní ìlú kékeré kan. Ìlú gbọ́, wọ́n lé ọ̀kan jáde, àìsàn kọ lù ú níbi tí ó sá lọ, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé, wọn kò jẹ́ kí èkejì wọlé. Ẹ̀yìn ògiri ni ó dúró sí tí ó ti ń gbọ́ àdúrà ìsìnkú olólùfẹ́ rẹ̀. Mùínàt ṣe ẹni tí ó kú. Ìbùkún, ọmọ Òrò, ṣe ẹni tí ó dúró sẹ́yìn ògiri.

Ẹni tí ó bá ṣe olè nínú sinimá, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tí ó ṣe apànìyàn, wọ́n á máa bá a ya fọ́tò láàárín ọjà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ṣe olólùfẹ́ obìnrin, òun ni wọ́n rí bí ẹ̀gbin. Bí ìpolówó sinimá náà ti dé orí fóònù àwọn ènìyàn báyìí, ilé ìwé tí ó ti ń ṣe tíṣà ní kí ó máa lọ sílé. Àwọn tí ó ń pè é ní Àǹtí Mùínàt lánàá wá ń tutọ́ sílẹ̀ bí ó bá ń kọjá. Àwa tí a jọ ya sinimá náà rí i, ó sì ń rí wa lára títí di òní.

Ẹ óò máa gbọ́ pé àìsàn ráńpẹ́ ni ó pa á. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa gan-an fẹ́ kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé yìí. A kọ̀. Láti kékeré ni asímà ti ń yọ Mùínàt lẹ́nu, ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì pa á. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́. Ìbùkún, tí ó wá kí i, fà á lé èjìká, ó di ibùdókọ̀ Èsìẹ́. Àwọn ọlọ́kadà ní àwọn kò gbé e. Wọ́n wọ mọ́tò akérò tí ń lọ sí Ọ̀mù-Àrán, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà. Èrò ti wà nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó sì mú kí ó kún. Ìyá kan tí ó jókòó níwájú yíjú, ó rí ẹni tí ó wọlé, ó ní, “Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́, n ò lè bá irú èyí jókòó, kó má lọ kó o ràn mí.” Ó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìbùkún bẹ awakọ̀ pé kí ó máa lọ. Awakọ̀ ní, “Ṣé ẹ ò rí i pé mọ́tò ò kún ni? Ẹ jẹ́ á dúró de èrò.”

Gbogbo wa ni a mọ òfin yẹn. Mọ́tò tí kò bá kún kì í gbéra ní ibùdókọ̀ wa, a ti fi ṣàwàdà títí, a sì ti jẹ ẹ̀pà sísè dè é lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́ yẹn, àwọn tí ìbá mú kí mọ́tò kún dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ń wo ọmọ ènìyàn tí ń wá èémí. Nígbà tí àgbẹ̀ kan tí ń kọjá fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé wọn, ó ti pẹ́ jù. Ọwọ́ Ìbùkún ni ó kú sí lójú ọ̀nà.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òkú ń bọ̀ wálé, àwọn mọ́tò ibùdókọ̀ yẹn tò tẹ̀lé e, wọ́n tanná, gbogbo wọn ni ó sì kún. Òkú ò mọye a ràgọ̀. Ìyá tí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wà níbẹ̀, ó borí, ó ń ké ju ìyá ọmọ lọ. Bí ìtìjú bá ṣẹ́kù sí ara ẹnikẹ́ni ní ibùdókọ̀ náà, a kò rí i.

Alhaji, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni a fi ń sọ èyí tí ó kù. Ìbùkún wá sí agboolé yín lọ́jọ́ náà, ẹ ní kí wọ́n lé e. Ó dúró sẹ́yìn ògiri títí àdúrà fi parí. Sinimá tí ẹ ní ó ba orúkọ ilé yín jẹ́, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ṣe òpin rẹ̀ lójú ayé. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaja Jàrátù, tí ó bu omi ránṣẹ́ sí i láàárín ẹkún.

Àwọn ènìyàn ń bi wá bóyá ohun tí àwọn ọmọ méjèèjì ṣe nínú eré ni wọ́n ń ṣe níta. A kò dáhùn, a kò sì ní dáhùn, nítorí kò kan ẹni tí ń béèrè. Ohun tí a mọ̀ ni pé gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò náà, ẹnì kan ni kò sọ̀ kalẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa kò ní yọ ojú Mùínàt kúrò nínú sinimá rẹ̀, bí àwọn kan ti ń bẹ̀ wá pé kí a ṣe. Bọ́ọ̀sì tí a fi ń kó ẹ̀rọ yóò máa dúró ní Èsìẹ́ nígbàkigbà tí a kò bá ya eré. Aláìsàn kan ṣoṣo ti tó láti mú un gbéra. Ohunkóhun tí Alhaja bá sì fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣe fún un, àwa yóò máa ṣe é.

A ń bọ̀ wá bá yín ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Ìbùkún ni yóò sì ṣáájú wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún un. Bí ẹ bá gbà á wọlé, a óò bá yín jókòó, a óò bá yín ṣe àmín. Bí ẹ kò bá gbà á, ẹ má wá wa nínú ilé. Ẹ̀yìn ògiri ni ẹ óò ti máa gbọ́ àmín wa.

Kí Ọlọ́hun forí ji Mùínàt, kí Ó tẹ́ ẹ sí ibi tí èémí kò ti ní í wọ́n ọn mọ́. Kí Ó gba Alhaja Jàrátù mọ́ra, kí Ó sì rọ̀ yín lọ́kàn, Alhaji. Kí Ó tu gbogbo ẹbí nínú, kí Ó má sì gbàgbé ọ̀kan nínú yín tí kò sí nínú ilé, ẹni tí kò sọ̀ kalẹ̀.

Rhoda Ọ̀jẹ̀túndé,
Akọ̀wé, ní orúkọ Ẹgbẹ́.