Ibi Tí Mo Wá Aṣọ Màmá Wa Dé

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Òpópónà Ìbùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọn á ṣì máa bá rédíò jiyàn bí ìṣe wọn. Ara tèmi le, ọkàn mi nìkan ni kò jókòó sójú kan. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin mi ló fà á. Láti ìsinsìnyí lọ, ọmọ yín ni n ó máa pè é, torí inú ṣì ń bí mi sí i.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ṣí àpótí tó yẹ kí aṣọ aláró tí màmá wa fọwọ́ hun wà nínú rẹ̀, aṣọ tí ẹ ní kí n fún un nígbà tó ríṣẹ́. Àpótí ṣófo. Mo bi í, ó ní, "Mọ́mì, ó wà níbi tó dáa." Ibi tó dáa wo? Ó ti sá wọ balùwẹ̀. Ẹ kúkú mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré tí wọ́n ń kó ohun ìní oríṣiríṣi ẹ̀yà ayé sí. Lọ́jọ́ kejì ni mo gbọ́ tó ń sọ lórí fóònù pé, "Aṣọ aláró yẹn, mo ti gbé e wọlé, ọ̀gá." Ọmọ yín ti fi aṣọ ìyá wa tọrẹ!

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mi ò bá a jà. Mo jẹ́ kó lọ síbi iṣẹ́, mo fi ìborùn bo iwájú orí, mo gba tíkẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó wá wòran. Wọ́n ní bàtà onírun àwọn ará ibi yìnyín, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi èèpo igi rán, ìbòjú kan sì wà tó yọ ahọ́n sí mi bí ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá dùn mọ́ mi. Lọ́jọ́ náà, ohun tí mo ń bi gbogbo wọn nínú mi ni pé, ìyá ta ló ni ọ́, ọmọ wo ló gbé ọ wá? Nígbà tí mo dé ìdí àwọn aṣọ, mo fi imú kan gíláàsì. Ẹ̀ṣọ́ kan sún mọ́ mi.

"Màmá, ojú la fi ń wòran níbí o, kì í ṣe imú."

"Ojú ti gbó, ọmọ mi. Imú ló ń ràn án lọ́wọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ibi tí mo bá yà ló ń yà. Kò mọ̀ pé olè ni èmi náà ń ṣọ́.

Aṣọ wa kò sí nínú gíláàsì kankan. Mo fẹ́ máa dúpẹ́ ni mo rí ọmọ yín ní yàrá ẹ̀yìn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó ń gbé nǹkan tí wọ́n fi ọ̀rá wé jáde nínú fírísà. Mo rí aró nínú ọ̀rá.

"Ìyá mi lo gbé sí fírísà bí ẹja!"

Ó kúnlẹ̀ tòun tìbọ̀wọ́. Ó ní kòkòrò ló wọ inú aṣọ náà, pé òtútù ni wọ́n fi ń pa kòkòrò aṣọ níbẹ̀, ọ̀gá òun ló gba òun láyè, òun kò sì fẹ́ kí n mọ̀ pé òun jẹ́ kí kòkòrò bà á jẹ́. Mo ti tú ọ̀rá kó tó dá mi dúró. Lóòótọ́, ihò wà níbẹ̀, kò ju orí ìka lọ.

Inú mi rọ̀. Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pàápàá, àfi bí mo ṣe rí téèpù aláṣọ funfun kékeré tí wọ́n rán mọ́ etí aṣọ, pẹ̀lú nọ́ńbà lára rẹ̀, irú èyí tó wà lára gbogbo ohun tó wà nínú gíláàsì. Ó ní kó má baà pò mọ́ tiwọn ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí èèyàn máa tó tú kúrò, ṣé bí wọ́n ṣe ń rán an nìyẹn, tínrín-tínrín, bíi ti aṣọ ìgbéyàwó?

Eyín ni mo fi já òwú náà lójú rẹ̀. Mo gbé aṣọ sáyà, tòun ti bó ṣe tutù, mo gba ilé lọ. Ó ń sunkún pé n kò fọkàn tán òun. Mo fọkàn tán an o, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá ló gbé aṣọ náà dání. Ẹ ká a sábẹ́ ìrọ̀rí yín. Bí ọmọ yín bá pè láti béèrè, ẹ sọ fún un pé ó wà níbi tó dáa.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ilé.

Èmi àbúrò yín tó ń la ojú kan sùn,
Aṣọ́lé.